Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Kẹ̀kẹ́ Ológeere Yí Ìlú Hagi Ká Láàárín Ọjọ́ Kan

Ìlú Hagi wà ní etí Òkun Japan, ní ìpínlẹ̀ Yamaguchi, níbi tí erékùṣù Honshu ti ń parí lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Bí odò Abu bá ti kù díẹ̀ kí ó dé òkun, ó là sí méjì: wọ́n ń pe apá ìlà-oòrùn ní Matsumoto, wọ́n sì ń pe apá ìwọ̀-oòrùn ní Hashimoto. Orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí. Nígbà tí ojú irin dé Hagi ní 1925, wọn kò là á gba àárín ìlú kọjá, ẹ̀yìn odò ni wọ́n gbé e gbà, nítorí náà ẹni tí ó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ṣì ní omi láti sọdá kí ó tó rí ohun tí ó bá wá. Bọ́ọ̀sì kékeré kan wà tí ó ń yí ìlú po, owó rẹ̀ kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà tí ó wu ojú jù lọ níbẹ̀ tóóró ju ohun tí bọ́ọ̀sì lè kó ara sí lọ. Kẹ̀kẹ́ ló bá ìlú yìí mu, gbogbo ohun tí mo sì fẹ́ tọ́ka sí kò ní gbà ju nǹkan bíi kìlómítà 15 lọ, lílọ àti bíbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ìrìn yìí fi bẹ̀rẹ̀ láti ilé odi, tí kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó sún mọ́ ibùdókọ̀ jù. Ní 1600, Mōri Terumoto, olúwa ilẹ̀ ńlá kan, wà ní ìhà àwọn tí Tokugawa Ieyasu, ẹni tí ìdílé rẹ̀ wá ṣe ìjọba Japan lẹ́yìn náà, ṣẹ́gun lójú ogun Sekigahara. Ieyasu gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ìgbèríko méjì péré sílẹ̀ fún un, Suō àti Nagato. Ní 1604 ni Terumoto wá bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé odi tuntun sí ẹsẹ̀ òkè Shizuki, níbi tí ilẹ̀ ti yọ orí sínú òkun. Bí ipò àwọn ènìyàn ṣe tẹ̀ lé ara wọn ni wọ́n ṣe pín ilẹ̀ ìlú náà fún wọn: olúwa ìlú wà nínú odi, àwọn ìjòyè ńlá wà ní Horiuchi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní samurai àti àwọn oníṣòwò wà lẹ́yìn yàrà, àwọn tí ìjọba kò sì fi bẹ́ẹ̀ kà sí wà ní abúlé tí ó wà lẹ́yìn odò. Abúlé ẹ̀yìn odò yẹn gan-an ni àwọn kan ti kẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sì lọ bá wọn dojú ìjọba àwọn Tokugawa dé lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 260. Bí ẹ bá gùn láti odi lọ sí ẹ̀yìn odò, ìtàn náà yóò máa tò tẹ̀ lé ara rẹ̀ lójú yín. Bí ẹ bá gùn ún ní ìdàkejì, ẹ ó kàn máa rí ilé àtijọ́ ni.

Ní ti àsìkò, Oṣù Kẹrin àti Oṣù Karùn-ún ni mo fara mọ́ jù. Ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹrin ni òdòdó ṣẹ́rì máa ń tan nínú ọgbà ilé odi, ìdí tí mo sì fi dárúkọ Oṣù Karùn-ún yóò hàn bí a bá dé Horiuchi. Òjò kì í jẹ́ kí ènìyàn gbádùn Oṣù Kẹfà sí àárín Oṣù Keje, ooru Oṣù Kẹjọ a máa mú kí aṣọ lẹ̀ mọ́ni lára, atẹ́gùn òkun ìgbà òtútù sì lè ti kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹni tí ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá dé Shin-Yamaguchi, kí ó tó wọ bọ́ọ̀sì tí yóò gbà ju wákàtí kan lọ. Ó sàn kí ẹ dé ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí aago 8 tàbí 9 òwúrọ̀ tó bá yín lórí kẹ̀kẹ́, nítorí pé aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ ibi máa ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ wọ ṣòkòtò. Mo mọ ẹni tí ó dì mọ́ agbádá rẹ̀ nítorí fọ́tò, àárín ìlú ni a ti fi sísọ́ọ̀sì yọ etí rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́.

Àyíká ibùdókọ̀ Higashi-Hagi ni ẹ ó ti háyà kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní mamachari ni wọn yóò fún yín, èyí tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ní Japan fi ń lọ sọ́jà: ó wúwo, ó ní apẹ̀rẹ̀ níwájú, ó ní ẹsẹ̀ tí a fi ń gbé e dúró, kò sì mọ eré sá. Ẹ má ṣe kàn gbà á kí ẹ máa lọ. Ẹ jókòó lé e kí ẹ wò bóyá ìka ẹsẹ̀ yín kan ilẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó ga nínú wa sábà máa ń bá ìjókòó náà nísàlẹ̀ jù, orúnkún wọn a sì máa gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ táyà, bí ó bá rọ̀ bí ẹ̀bà, ẹ ní kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi sọ́kàn pé ti ọwọ́ ọ̀tún ló ń mú táyà iwájú, kí ẹ má baà fún un pa lójijì kí ó gbé yín ṣubú. Ẹ tan iná rẹ̀ wò, bí ilẹ̀ tilẹ̀ mọ́ kedere. Àgádágodo rẹ̀ jẹ́ irin róbótó kan tí ó gbá táyà ẹ̀yìn mú: bí ẹ bá tì í, kọ́kọ́rọ́ yóò bọ́ sí yín lọ́wọ́, bí ẹ bá sì ṣí i, kọ́kọ́rọ́ kò ní yọ mọ́ títí ẹ ó fi tún tì í. Ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá dúró nìkan ni kọ́kọ́rọ́ lè sọnù, àpò tí ó lu ni mo sì fi tèmi sí ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ. Odidi wákàtí kan ni mo fi ń tú yanrìn etíkun kiri kí ọmọdé kan tó bá mi rí i. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń so ó mọ́ okùn, tí mo sì ń fi í kọ́ ọrùn.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà ní Japan. Ará Lọ́ńdọ̀nù kò ní ìṣòro kankan, ṣùgbọ́n láti 2 Oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún, Benin àti Togo náà ń gba ọwọ́ ọ̀tún, ara wa a sì máa fẹ́ ṣe ohun tí ó ti mọ́ ọn lára, pàápàá bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ọ̀nà tóóró tí kò sí ọkọ̀ kankan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yà sí ọ̀tún níbi tí iná ojú pópó wà, ẹ má ṣe gbá ọkọ̀ níwájú: ẹ kọ́kọ́ gùn dé òdìkejì, ẹ dúró, ẹ dojú kọ ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú nígbà tí iná tibẹ̀ bá di àwọ̀ ewé. Àmì pupa onígun mẹ́ta tí a dorí rẹ̀ kodò ń sọ pé kí ẹ dúró pátápátá, kẹ̀kẹ́ náà sì wà lára ẹni tí ó ń bá wí. Wọn kò gbà kí ènìyàn méjì gùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni di agbòòrùn mú lórí kẹ̀kẹ́. Agogo kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun tí a fi ń lé ẹlẹ́sẹ̀ kúrò lọ́nà. Bí ọ̀nà bá há, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ máa tì í. Láti Oṣù Kọkànlá 2024, ẹni tí ó bá di fóònù mú lórí kẹ̀kẹ́ lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí kí ó san owó ìtanràn tí ó tó 100,000 yen, ti ẹni tí ó bá mutí gùn ún sì lè tó ọdún 3 tàbí 500,000 yen. Òfin rọ gbogbo ènìyàn láti dé akoto, bí kò tilẹ̀ sí ìjìyà fún ẹni tí kò bá dé e. Ẹ béèrè fún un níbi tí ẹ ti háyà kẹ̀kẹ́.

Ẹ gba orí afárá sọdá odò Matsumoto, kí ẹ sì máa tẹ̀ lé ìhà òkun lọ. Àdúgbò àkọ́kọ́ tí ẹ ó kàn ni Hamasaki, èbúté àtijọ́. Ẹ máa kọjá lọ, àfi kí ẹ dúró díẹ̀ níbi ilé tí wọ́n fi òkúta kọ́ láti máa gbé ọkọ̀ ojú omi olúwa ìlú pamọ́ sí. Ojú odò ni ilé yìí kọ sí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi yẹ̀pẹ̀ dí omi náà, ó wá ku ilé ọkọ̀ ní àárín ilé àwọn ènìyàn, láìsí omi kankan níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni etíkun Kikugahama, yanrìn funfun àti igi páìnì, tí òkè Shizuki sì dúró gangan ní òpin rẹ̀. Odi yẹ̀pẹ̀ kan wà ní etíkun yìí tí ojú lè fò dá. Ní 1863, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun àwọn òyìnbó ti yìnbọn sí Shimonoseki, àwọn ará ìlú jáde láti mọ ọ́n, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin sì ti lọ sójú ogun, àwọn obìnrin ilé samurai náà gbé yẹ̀pẹ̀. Orúkọ àwọn obìnrin ni wọ́n fi ń pè é títí di òní.

Bíi kìlómítà 4 sí ibùdókọ̀ ni ọgbà Shizuki, tí ó jẹ́ ibi ilé odi náà, wà. Kí ẹ tó wọlé, ẹ ó rí ilé gígùn kan tí ó ju mítà 50 lọ, tí ẹ̀ka kan nínú ìdílé Mōri kọ́ ní 1856 fún àwọn ọmọ ogun wọn. Ẹ ti kẹ̀kẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, kí ẹ san owó ìwọlé. Ẹ má ṣe retí ilé alájà márùn-ún: ó wà níbẹ̀ nígbà kan rí, ṣùgbọ́n olúwa ìlú ti kó ìjọba rẹ̀ lọ sí ìlú Yamaguchi ní 1863, wọ́n sì wó ilé odi náà ní 1874. Ohun tí ó kù ni yàrà, ògiri òkúta, àti ìpìlẹ̀ tí ilé náà dúró lé, tí òkúta tí ó gbé òpó rẹ̀ ṣì tò lórí rẹ̀ bí àga tí àlejò kò tíì dé jókòó lé. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn rìn lásán. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí ibi tí odi àti yàrà ìlú àtijọ́ kan ṣẹ́ kù sí nílẹ̀ Yorùbá yóò mọ ohun tí ó ń wò: bí ògiri ṣe yọ láti inú omi tí ó sì ń tẹ̀ sẹ́yìn bí ó ti ń ga, àti bí òkè ṣe dí ẹ̀yìn tí òkun sì yí òkè ká. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan lọ sórí òkè náà, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 143. Ogún ìṣẹ́jú ni ó ń gbà láti gùn ún. Wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ sórí rẹ̀ nígbà náà, ihò tí wọ́n fi irin gbẹ́ sára òkúta láti là á sì ṣì wà lára àwọn àpáta tí wọn kò rí là tán.

Láti ibẹ̀ ẹ yà sí Horiuchi. Èyí ni ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ gùn jẹ́ẹ́. Ògiri amọ̀ ga ju orí yín lọ ní ọ̀tún àti ní òsì, ọ̀nà lọ tààrà díẹ̀, ó sì ṣẹ́ lójijì bí ìkọ́, tí ó fi jẹ́ pé ògiri nìkan ni ẹ ó rí níwájú. Ẹ ó rò pé ọ̀nà ti tán. Bí ẹ bá dé ẹsẹ̀ ògiri náà, ẹ ó rí i pé ó yà sí ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn ìgbésẹ̀ díẹ̀ ó tún ṣẹ́. Kagimagari ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ọ̀tá tí ó bá já wọ ìlú má baà rí ọ̀kánkán, kí ó má sì lè sáré. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lára ẹlẹ́kẹ̀ẹ́, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ lé bíréèkì, nítorí pé ẹni tí ń bọ̀ láti ìhà kejì kò rí yín bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin náà kò rí i. Ìlànà ọ̀nà wọ̀nyí kò yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Hagi fi ń fọ́nnu pé àwòrán ilẹ̀ ìgbà àwọn Tokugawa ṣì lè mú ènìyàn dé ibi tí ó ń lọ. Mo dán an wò pẹ̀lú ẹ̀dà kan tí mo tẹ̀ sórí bébà, ó sì mú mi dé.

Ẹ gbé ojú sókè lókè ògiri, ẹ ó rí èso kan tí ó dà bí ọsàn ńlá. Natsumikan ni. Nígbà tí ìjọba tuntun tí ó rọ́pò ti àwọn Tokugawa fòpin sí owó oṣù àwọn samurai, ebi wọ ilé àwọn tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju idà lọ. Ní 1876 ni ọ̀kan nínú wọn, Obata Takamasa, bẹ̀rẹ̀ sí pín irúgbìn èso yìí fún wọn kí wọ́n gbìn ín sínú àgbàlá wọn. Ògiri gíga tí wọ́n mọ nítorí ọ̀tá ló wá ń gba atẹ́gùn òkun dúró fún igi, èso náà sì di ohun tí wọ́n ń tà. Ní Oṣù Karùn-ún, òdòdó funfun rẹ̀ a máa tan nígbà tí èso ọdún tí ó kọjá ṣì wà lórí igi, òórùn rẹ̀ a sì gba ọ̀nà kan. Ẹ má ṣe já ohunkóhun, nítorí ó ní olówó. Ẹ lè ra èyí tí wọ́n fi ṣúgà sè lódindi, tí wọ́n kó inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì fi ẹ̀wà dídùn dídì rọ́pò rẹ̀.

Bí ẹ bá sọdá yàrà ìta, ẹ ti wọ àdúgbò àwọn samurai kékeré àti àwọn oníṣòwò. Àdúgbò yìí àti ilé odi wà lára ibi márùn-ún ní Hagi tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 2015. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ní Kikuya Yokochō, nítorí pé ẹlẹ́sẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ìdílé Kikuya ni ó ń bá ìjọba ìlú ṣòwò, ilé wọn sì ni wọ́n ń gba àlejò ìjọba sí. Ẹ wọ inú rẹ̀, kí ẹ wo bí ògiri rẹ̀ ṣe jẹ́ àwo amọ̀ dúdú tí ẹfun funfun yọ láàárín wọn. Ìrìn díẹ̀ ni ó wà láti ibẹ̀ dé ilé tí wọ́n bí Takasugi Shinsaku sí ní 1839, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan sílẹ̀ ní 1863 tí àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò fi lè gbé ìbọn pẹ̀lú samurai, àti ilé dókítà tí wọ́n bí Kido Takayoshi, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọba tuntun náà, sí ní 1833. Ẹ jẹun ọ̀sán ní àdúgbò yìí. Ẹja ni kí ẹ béèrè, tàbí ẹran òkun rírọ̀ ọlọ́wọ́ mẹ́wàá tí wọ́n ń pè ní ika (squid), bí wọ́n bá mú u wá láti òkun ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹ sì mú owó yen lọ́wọ́, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ilé oúnjẹ ló ń gba káàdì.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù ìkòkò pọ̀ níbí. Àwọn amọ̀kòkò tí wọ́n kó wá láti Kòríà nígbà ogun tí Toyotomi Hideyoshi, alákòóso Japan ṣáájú Ieyasu, gbé lọ bá ilẹ̀ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí fún Terumoto. Ẹ gbé ife tíì kan sọ́wọ́. Ó fúyẹ́ ju bí ojú ti wò ó lọ, nítorí pé iná tí wọ́n fi sun ún kò le, amọ̀ rẹ̀ sì ṣì ní ihò tí ojú kò rí. Ẹ yí i sí ìmọ́lẹ̀: ara rẹ̀ tí ń dán ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Inú sísán yìí ni tíì ń gbà wọlé díẹ̀díẹ̀, tí àwọ̀ ife náà fi ń yí padà bí ọdún ti ń gorí ọdún, èyí tí wọ́n ń pè ní ìyípadà méje ti Hagi. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ dé, ẹ ó rí i pé wọ́n gé ẹnu díẹ̀ kúrò lára ẹsẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe àbùkù. Bí ẹ bá rà á, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi kí ẹ tó kọ́kọ́ lò ó, kí ẹ má sì ṣe bínú bí omi bá ń sun lábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e sórí ohun rírọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, nítorí pé mamachari a máa gbọ̀n gan-an.

Ẹ wá kọjú sí gúúsù ìlà-oòrùn, kí ẹ tẹ̀ lé Aibagawa, omi tóóró tí wọ́n là láti inú odò gba iwájú ilé àwọn ènìyàn. Ẹja koi aláràbarà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní àtẹ̀gùn òkúta tirẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ̀kalẹ̀ síbi omi láti fọ nǹkan. Àwọn ilé kan tilẹ̀ fa omi náà wọ inú àgbàlá, kí ó tó tún jáde.

Lẹ́yìn odò Matsumoto ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gòkè díẹ̀. Nínú ọgbà ojúbọ Shōin ni ilé onígi kékeré tí Yoshida Shōin ti kọ́ni wà. Ní 1854 ni ó gbìyànjú láti wọ ọkọ̀ Perry, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní èbúté Shimoda kí ó lè lọ wo ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì dá a padà sí Hagi gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́wọ̀n. Inú àhámọ́ ilé yìí ni ó ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò pé ọgọ́rùn-ún, fún ìgbà tí kò ju ọdún díẹ̀ lọ, kí wọ́n tó bẹ́ ẹ lórí ní Edo, Tokyo òde òní, ní 1859. Takasugi sọdá odò wá kẹ́kọ̀ọ́ níbí, ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan náà sì ni Itō Hirobumi, ọmọ àgbẹ̀, ti kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ wo inú yàrá náà láti ìta, kí ẹ ka ẹní tí ó wà nílẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ni ilé Itō wà, ilé olórùlé koríko tí àgbẹ̀ ilé wa kan kò ní jowú rẹ̀. Ní 1885 ni ọmọ ilé yẹn di Olóòtú Ìjọba àkọ́kọ́ ní Japan. Àwọn tí ó bá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì lè gba ọ̀nà àríwá lọ wo ìléru ìyọ́rin 1856, tí ihò èéfín rẹ̀ ga ní mítà 10.5, kí wọ́n sì gùn dé Kasayama, òkè ayọnáyèéfín kékeré tí igi kamẹ́líà bò. Fún ìyẹn nìkan ni mo fi lè ní kí ẹ sanwó kẹ̀kẹ́ tí ó ní bátìrì.

Ẹ rí i pé ẹ dé Tōkōji kí aago 4 tó lù. Olúwa ìlú kẹta, Mōri Yoshinari, ló dá tẹ́ńpìlì náà sílẹ̀ ní 1691, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni wọ́n sin òun àti olúwa karùn-ún, ìkeje, ìkẹsàn-án àti ìkọkànlá sí. Àwọn ìjòyè wọn to fìtílà òkúta tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 síwájú ibojì náà, ewédò sì ti bò wọ́n. Ní alẹ́ 15 Oṣù Kẹjọ, wọ́n máa ń tan gbogbo wọn. Ní ọjọ́ mìíràn, oòrùn ìrọ̀lẹ́ tí ń gba àárín igi wọlé ni yóò tàn sí wọn lára, ẹ ó sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara yín lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ọ̀nà ibùdókọ̀ dà gẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: ẹ má ṣe wa pẹ́dà, ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa yí lọ fúnra rẹ̀, kí ẹ máa fún bíréèkì ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì yọ ife yín nínú apẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó dá kọ́kọ́rọ́ padà.